Fótò Mi Tẹ́ Pẹrẹsẹ Bíi Páànù: Ìbéèrè Yín Lórí Iwájú, Àárín àti Ẹ̀yìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Létà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ díẹ̀, ìgbà tí mo wá jókòó kà á ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń yí po láìmọ̀, ìyẹn fótò tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò jìn, tí ojú ò ríbi wọ̀ nínú ẹ̀. Ni mo bá ní kí n kúkú kó wọn pọ̀. Ẹni tó ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta dúróònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ó dìgbà míì.

*"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́. Sátidé tó kọjá èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi gun Olúmọ dé òkè pátápátá. Ohun tí mo fojú rí níbẹ̀ mi ò lè ròyìn ẹ̀ tán, gbogbo Abẹ́òkúta ló tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa. Mo ya bí ogójì fótò. Ìgbà tí mo délé tí mo ṣí i wò, páànù lásán ni mo rí, páànù tó dípẹtà, ojú ọ̀run funfun, ó parí. Ṣé fóònù mi ni ò dáa ni, àbí kí n lọ wá owó kámẹ́rà?" (Ọ̀dọ́ Àṣérò)*

Àbúrò mi, má wá owó kankan. Fóònù ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́.

Jẹ́ n bi ẹ́ ní nǹkan kan ná. Nígbà tó o dúró lókè yẹn, kí ló wà lábẹ́ bàtà ẹ? Òkúta ni àbí? Ojú ẹ rí i, ẹsẹ̀ ẹ mọ̀ ọ́n lára, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, tó o bá sún orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ báyìí, òkúta tó wà nítòsí á sún kúrò lójú kíákíá, ilé tó wà lọ́hùn-ún ò ní sún tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ lara ti mọ̀ pé ìlú yẹn jìn sí mi. O wá gbé fóònù sókè, o na apá ẹ kọjá òkúta yẹn, páànù nìkan lo yà. Ṣé o rí i báyìí? Orúkọ ìlú wa gan-an, abẹ́ òkúta ni, láti 1830 táwọn baba wa ti wá sá sábẹ́ ẹ̀, ìwọ wá fẹ́ ya ìlú, o yọ òkúta kúrò!

Ojú kan ni kámẹ́rà ní. Tó o bá fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe é, di ojú ẹ kan kó o wá gbìyànjú láti ki okùn bọ abẹ́rẹ́, wàá rí i pé wàá ta á sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó wọlé. Kámẹ́rà ò mọ ohun tó jìn yàtọ̀ sí ohun tó súnmọ́, ńṣe ló ń tẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ ojú kan. Ìwọ lo máa bá a wá ẹ̀rí. Ẹ̀rí yẹn ò sì pọ̀: ohun tó wà nítòsí máa ń tóbi, ohun tó wà níwájú máa ń bo díẹ̀ lára ohun tó wà lẹ́yìn, ohun tó jìn máa ń ṣá. Ó tán.

Torí náà tó o bá padà lọ, fà sẹ́yìn bí ìgbésẹ̀ márùn-ún kúrò ní etí òkúta, lóṣòó, kó o jẹ́ kí òkúta dúdú yẹn gba ìdá kan nínú mẹ́ta fótò, nísàlẹ̀. Ìyẹn niwájú ẹ. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ jókòó sórí ẹ̀ (kó má lọ sí bèbè o, mi ò fẹ́ ẹjọ́), páànù àwọn ilé Ìtòkò àti Ìkìjà á wá bọ́ sáàárín, àwọn òkè tó wà lọ́nà jíjìn á ṣe ẹ̀yìn. Ojú ọ̀run tó funfun yẹn, gé e kù tín-ín-rín, kò ní nǹkan sọ. Tó o bá rí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's ní Aké, fi í sáàárín páànù, torí ojú náà máa ń fẹ́ ibi tó máa jókòó sí, kò lè máa rìn lórí òrùlé kiri látàárọ̀ dalẹ́.

Àkókò tún wà níbẹ̀. Mo fẹ́ fi gbogbo ara búra pé ọ̀sán gangan lẹ lọ. Òrùn orí kì í jẹ́ kí òjìji yọ, tí òjìji ò bá yọ, òrùlé igba á dà bí òrùlé kan. Lọ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òrùn bá wà nísàlẹ̀, òjìji òrùlé kan á máa ṣubú lé ìkejì, gbogbo ẹ̀ á wá yọ sókè lójú ẹ. Tó bá sì wá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ha! Àwọn èèyàn máa ń bú eruku ọyẹ́, pé ó ń ba fótò jẹ́. Èmi ní tèmi, ọyẹ́ ni mo ń retí látọdún dọ́dún. Eruku yẹn ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, bí nǹkan bá ṣe jìn tó ni eruku tó wà láàárín ìwọ àti òun ṣe máa pọ̀ tó, nítorí náà òkè àkọ́kọ́ á dúdú, ìkejì á rí bí eérú, ìkẹta á fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí òfuurufú. Ìpele mẹ́ta, ọ̀fẹ́, o ò san kọ́bọ̀.

*"Bọ̀ọ̀dá, èmi náà lọ Olúmọ o, àmọ́ ìsàlẹ̀ ni mo dúró sí, mo ya àǹtí mi. Àǹtí mi hàn dáadáa ṣùgbọ́n Olúmọ wá dà bí òkúta tí wọ́n fi ń lọ ata lẹ́yìn wọn. Báwo ló ṣe kéré tó báyẹn?" (Ọmọ Ìbarà)*

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ ti súnmọ́ àǹtí jù ni. Lẹ́ńsì tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ fóònù fẹ̀, bíi 24mm sí 26mm nínú ìṣirò kámẹ́rà ńlá ni (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni lẹ́ńsì ṣe ń fẹ̀ tó), tẹ́ ẹ bá wá tẹ 0.5 tó wà lójú fóònù yẹn, ó tún fẹ̀ sí i. Ohun tó fẹ̀ báyẹn máa ń gba nǹkan púpọ̀ sínú ni, ohun gbogbo tó wà lọ́nà jíjìn á wá rún.

Ẹ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Ká ní mítà méjì lẹ fi jìnnà sí wọn nígbà yẹn. Ẹ rìn sẹ́yìn títí ẹ ó fi jìnnà sí wọn tó mítà mẹ́jọ, kẹ́ ẹ wá fa súùmù sí mẹ́rin, tàbí tó bá jẹ́ kámẹ́rà ni, kẹ́ ẹ kúrò lórí 24mm bọ́ sí bíi 100mm. Àǹtí ò ní tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn ò sì ní kéré sí i, torí ẹ ti jìnnà ní ìlọ́po mẹ́rin, súùmù sì ti dá ìlọ́po mẹ́rin padà. Ṣùgbọ́n Olúmọ ńkọ́? Mítà mẹ́fà tẹ́ ẹ rìn ò jẹ́ nǹkan kan lára òkúta tó wà lọ́hùn-ún, ibi tó wà náà ló ṣì wà, súùmù sì ti sọ òun di ìlọ́po mẹ́rin. Yóò wá dìde dúró lẹ́yìn àǹtí yín bí òkúta gidi.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé lẹ́ńsì gígùn ló ń fa ẹ̀yìn súnmọ́ iwájú. Irọ́ ni, ẹsẹ̀ yín ni. Lẹ́ńsì kàn ń gé e fún yín ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé bàtà tó dáa ṣáájú lẹ́ńsì tó dáa.

*"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lẹ́ńsì 50mm f/1.8, àwọn kọ́sítọ́mà mi sì ń yọ̀ torí ẹ̀yìn wọn ń blur (ó ń rí bàìbàì) dáadáa. Àmọ́ mo gbọ́ pé ẹ̀yin ò fẹ́ràn blur. Ṣé blur kọ́ ló ń jẹ́ kí fótò jìn ni?" (Fótógíráfà obìnrin, Pàǹṣẹ́kẹ́)*

Àbúrò mi obìnrin, o kú oríire lẹ́ńsì, á fi tajé o. (Ẹni tí kò bá mọ̀, f/1.8 yẹn ni nọ́ńbà ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ńsì: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń tóbi tó, tí blur náà ń pọ̀ sí i.) Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò fẹ́ràn blur? Èmi náà jẹun nínú ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé blur ń ya èèyàn kúrò lára ẹ̀yìn ni, kò dá ìpele sílẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá jẹ́ pàǹtí, jọ̀ọ́, blur ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ìgbà míì ohun tó wà lẹ́yìn gan-an ni fótò.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìgbéyàwó kan nílùú níbí, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra f/1.8 mi, mo ń gbé e kiri bí ọmọ tuntun. Wọ́n ní kí ìyàwó dìde kó wá kí ọkọ ẹ̀, ó dìde, ẹ̀rín wà lẹ́nu ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i lójú, mo yà á. Fókọ́ọ̀sì wọ ẹyinjú ẹ̀ ṣinṣin. Inú mi dùn. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbé álíbọ́ọ̀mù lọ sílé wọn, ìyá ìyàwó jókòó, wọ́n ń fi itọ́ tọ́ ìka, wọ́n ń ṣí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dé ojú fótò yẹn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá fi ìka lé nǹkan aláwọ̀ àlùkò kan tó ṣù mọ́ra lẹ́yìn èjìká ọmọ wọn, wọ́n ní, "Èmi nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé bọ́mọ ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ìyá ń fi etí ìborùn nu omijé lẹ́yìn ẹ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀, èmi ni mo rí i, èmi náà ni mo pa á rẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ojú mi."

Kò síbi tí mo fẹ́ wá a sí. Blur tí lẹ́ńsì bá ṣe, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa bá ẹ yọ omijé jáde nínú ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹni iwájú ṣe jìn sí kòtò, kí ará ẹ̀yìn kọ́gbọ́n. Lórí kámẹ́rà fúlù-fúrémù (àwọn kámẹ́rà ńlá yẹn), 50mm ní f/1.8, tó o bá dúró ní mítà méjì sí èèyàn, ibi tó máa mọ́ kedere látiwájú dé ẹ̀yìn ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lọ. Imú dé etí, ó tán. Tó o bá ti ihò lẹ́ńsì yẹn dé f/8, ó máa tó bíi sẹ̀ǹtímítà 80. Ẹni tó dúró lẹ́yìn tímọ́tímọ́ á lójú. Mo mọ̀ pé wàá sọ pé inú gbọ̀ngàn ṣókùnkùn, gbé ISO (nọ́ńbà tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà ríran nínú òkùnkùn) sókè, fótò tó ní iyanrìn díẹ̀ sàn ju fótò tí ìyá ò lójú lọ. Tó bá jẹ́ pé gbogbo nǹkan lo fẹ́ kó mọ́, látorí tábìlì oúnjẹ títí dé ògiri, gbé lẹ́ńsì fífẹ̀: 24mm ní f/8, fi fókọ́ọ̀sì sí nǹkan bíi mítà méjì àbọ̀, láti mítà kan àti díẹ̀ títí lọ dé ibi tójú lè rí ló máa mọ́. Má wá sáré ti ihò yẹn dé f/22 o, ó ti há jù nígbà yẹn, ìmọ́lẹ̀ á máa tú ká bó ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá, gbogbo fótò á wá rọ̀.

Blur iwájú sì wà tí kò sẹ́ni tó ń rántí lò. Jẹ́ kí èjìká alága ìjókòó tàbí etí gèlè ẹnì kan blur ní igun fótò, kí ìyàwó wà láàárín, kó mọ́, kí ìyá wà lẹ́yìn, kó ṣì lójú díẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á rò pé òun náà jókòó síbẹ̀, òun ń yọjú wò wọ́n. (Èyí tí fóònù ń ṣe tí wọ́n ń pè ní portrait, ọgbọ́n orí ni, ó ń méfò ibi tí èèyàn parí sí. Yẹtí àti etí gèlè ló máa ń gé jẹ.)

*"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ló ń bá mi ya àdìrẹ tí mò ń tà, tó ń gbé e sórí WhatsApp. Àwọn oníbàárà ń ní ó rí wúruwùru, wọn ò mọ èyí tí mò ń tà níbẹ̀. Iwájú ìsọ̀ la máa ń fi kọ́, aṣọ tó kù á wà lẹ́yìn ẹ̀. Kí la ó ṣe?" (Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú)*

Ìyá mi, ẹ kú ọjà o, ẹ ó tà á lérè. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ látòkè, ẹ má fi ìkankan ṣe. Ti yín ò fẹ́ jíjìn rárá.

Àdìrẹ lórí àdìrẹ, ọnà lórí ọnà, aró lórí aró: ojú ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí ìkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí J.D. 'Okhai Ojeikere, fótógíráfà wa tó di olóògbé ní 2014. Láti 1968 ló ti ń ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, ẹ̀yìn orí wọn ló ń yà jù, kò sì jẹ́ kí nǹkan kan wà lẹ́yìn irun yẹn. Irun lọjà, kò sóhun tó ń bá a du ojú. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á dá mi lóhùn pé Seydou Keïta ní Bamako ń fi aṣọ olónà sẹ́yìn ẹni tó wọ aṣọ olónà, tó sì dùn ún wò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú èèyàn wà láàárín gbogbo ọnà yẹn tó ń fà wá mọ́ra. Aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ tà ò lójú.

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò mi kó wá ògiri funfun tàbí kó ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, kó jẹ́ ibi ìbòòji láàárọ̀, kó na aṣọ kan ṣoṣo, kó dúró gangan níwájú ẹ̀, kó yà á. Aṣọ kan, fótò kan. Kó sì tún súnmọ́ ọn ya igun kan, kí wọ́n lè rí bí ọnà ṣe lọ.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn mẹ́wàá irú ẹ̀, kó ya ẹyọ kan tó ní ìpele, èyí táwọn èèyàn fi máa mọ̀ pé ọwọ́ ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú oníko (àdìrẹ tẹ́ ẹ fi ìko dì) ni kó yà á. Kó wọnú ìsọ̀ lọ, kó kọjú síta. Kí etí aṣọ kan tẹ́ ẹ fi kọ́ wà níwájú, ní ẹ̀gbẹ́ kan, ṣókùnkùn. Láàárín, ọwọ́ yín: èékánná tí aró ti wọ̀, ìko tó ń já lẹ́yọ lẹ́yọ, òbíríkítí funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú láàárín búlúù. Lẹ́yìn, ọjà àti òrùn. Ìta máa mọ́lẹ̀ ju inú lọ, kó fi ìka tẹ ibi tí ọwọ́ yín wà lójú fóònù, kí fóònù lè mọ ẹni tó yẹ kó tọ́jú. Tí ìta bá funfun jù, ẹ jẹ́ ó funfun. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ lẹ̀ ń ṣe, kó yà á nígbà tí ìyẹ́ adìyẹ bá ń fa ẹ̀kọ pákí lójú aṣọ funfun, kó tó wọ aró rárá.

*"Òpó iná hù jáde látinú gèlè mọ́mì mi nínú fótò ọjọ́ ìbí wọn. Kí ló fà á?" (Adátán)*

Ìwọ lo fà á. Gbé ẹsẹ̀ kan sápá òsì, òpó á kúrò lórí wọn. Tó ò bá ráyè, lóṣòó. Ìpele ò gbọ́dọ̀ gun ara wọn lórí, kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà láàárín wọn.

*"Ẹ̀gbọ́n, ìgboro ni mo fẹ́ràn láti máa yà, Láfẹ́nwá ni mo sì ń gbé. Èèyàn, máruwá, ọ̀kadà, ẹrù, gbogbo ẹ̀ ló ń dàrú mọ́ra wọn. Ẹ ní iwájú, àárín, ẹ̀yìn. Nínú rúkèrúdò yẹn, ta ni máa ní kó dúró níwájú?" (Ọmọ Láfẹ́nwá)*

Má ní kí ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ̀yìn ni kó o kọ́kọ́ wá, torí ẹ̀yìn kì í rìn. Wá ògiri tó dáa, tàbí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ láàárín ìsọ̀ méjì. Lẹ́yìn náà kó o wá ohun tó máa pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ fún àárín, alátẹ, onífọ́ọ̀nù, ọ̀kadà tó ń dúró de èrò. Kí wọn kó o tó gbé kámẹ́rà síta o, "ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú ọjà" máa ń ṣiṣẹ́ ju lẹ́ńsì lọ, ẹni tó bá sì ní òun ò fẹ́, fi í sílẹ̀. Àlàfo tó bá wá ṣẹ́ kù níwájú, dúró dè é. Ìgboro fúnra ẹ̀ máa kún un. (Ojú irin rélùwéè yẹn, mo mọ̀ pé ó ń wù ẹ́, irin méjì tó lọ tààrà tó ń súnmọ́ra wọn lọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kó o ti yà á, má lọ dúró sáàárín ẹ̀.)

Oṣù tó kọjá mo dúró ní ibì kan lọ́nà ọjà yẹn fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ògiri pupa kan ló wà lẹ́yìn, òjìji páànù dá a sí méjì. Ọ̀kadà kan wà láàárín, ẹni tó ni ín ń sùn lórí ẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ọwọ́ ọ̀kadà náà. Ẹ̀gbẹ́ òsì ṣófo. Ọkùnrin kan gbé àpò símẹ́ńtì kọjá, ó yára jù. Ọmọ iléèwé méjì kọjá, wọ́n rí kámẹ́rà, wọ́n ń ṣe ojú. Mo ti ń rò ó pé kí n máa lọ nígbà tí ìyá kan yọ láti kọ̀rọ̀, ó gbé ọpọ́n ẹ̀kọ rù, kò di í mú, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ń ju síwá sẹ́yìn, ó wọ inú àlàfo yẹn gẹ́lẹ́, ewé ẹ̀kọ bọ́ sínú òòrùn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó dúró. Ó wo èmi, ó wo kámẹ́rà. Ó ní ṣé fótò nìkan ni mo fẹ́ jẹ láàárọ̀ yìí ni.

Mo ra mẹ́fà.